Bí a ṣe ń bá aláàbọ̀ ara wá iṣẹ́ ní Ìkòròdú, tí a ó sì dúró tì í títí iṣẹ́ náà yóò fi mọ́ ọn lára

Ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, bí ọmọ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara bá ti dàgbà tó ẹni tí ń ṣiṣẹ́, ohun tí àwọn òbí àti ẹgbẹ́ aláàánú sábà máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kí wọ́n fi í sí ibi ìkọ́ṣẹ́. Yóò lo ọdún kan nídìí ọṣẹ ṣíṣe, yóò lo òmíràn nídìí ìlẹ̀kẹ̀ sísín, wọn yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọn yóò ya fọ́tò, onítọ̀hún yóò sì padà sílé lọ jókòó, nítorí pé kò sí ẹni tó ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ibi tí yóò ti máa ṣe iṣẹ́ tó kọ́. Ọ̀nà tí ìtọ́sọ́nà yìí ń fi hàn yàtọ̀ sí èyí. Iṣẹ́ gidi ni a ó kọ́kọ́ wá, iṣẹ́ tó ní owó oṣù, ní ibi tí àwọn ẹlòmíràn náà ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá rí i ni a ó tó kọ́ ẹni náà ní iṣẹ́ ọ̀hún, níbi iṣẹ́ náà gan-an, pẹ̀lú alátìlẹ́yìn kan tí yóò dúró tì í, tí yóò sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ onítọ̀hún bá ṣe ń mọ́ iṣẹ́.

Àwọn kan ti dán ọ̀nà yìí wò ṣáájú wa. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Marc Gold kọ́ àwọn tí òye wọn ń lọ́ra gan-an bí wọ́n ṣe ń to bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní ègé 15 pọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n tò. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì mọ iṣẹ́, ọ̀nà tí olùkọ́ gbà kọ́ ọ ni ó yẹ kí ó yí padà. Ní 1986, òfin orílẹ̀-èdè náà fi àyè sílẹ̀ fún irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí méjì, Robert Drake àti Deborah Becker, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire gbé ìlànà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi ṣe àfiwé, àwọn tí wọ́n tètè bá wá iṣẹ́, tí wọ́n sì tì lẹ́yìn níbẹ̀, rí iṣẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí yóò ṣe alátìlẹ́yìn

Kò pọn dandan kí alátìlẹ́yìn ní ìwé ẹ̀rí ńlá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn ará ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe é, bí ó bá ní sùúrù, tí kò sì ní ìtìjú láti wọlé tọ oníṣòwò tí kò mọ̀ rí. Èmi kì í sábà gbà kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n onítọ̀hún jẹ́ alátìlẹ́yìn níbi iṣẹ́. Ìfẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wò ó kí ó máa gbìyànjú. Kí ó tó na ọwọ́, wọ́n ti bá a ṣe é. Owó ọkọ̀ àti owó ìpè ni ìnáwó tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí a ń pè ní CDA sì lè dá a jọ nínú ìpàdé oṣooṣù. Kí alátìlẹ́yìn kan má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ju ẹni méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ń gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni náà dáadáa

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló pinnu bóyá kí á bá ẹnì kan wá iṣẹ́: ṣé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣiṣẹ́? Bí ó bá fẹ́, ó tó. Kí á má ṣe sọ pé àìlera tirẹ̀ ti pọ̀ jù, kí á má sì ṣe ní kí ó dúró dìgbà tí yóò “ṣe tán”.

Ẹ lọ sílé rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di èyí tí ẹ ń bá ìyá rẹ̀ sọ lórí rẹ̀. Òun ni kí ẹ kọjú sí, kí ẹ bi í ní ìbéèrè, kí ẹ sì fún un láyè láti dáhùn, kódà bí ìdáhùn náà bá pẹ́ kí ó tó jáde. Bí ó bá jẹ́ adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ náà dání, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ bá túmọ̀ lè jẹ́ èyí tó rò pé ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n òun sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a jáde. Ẹ bá a lọ sí ọjà Sábó ní òwúrọ̀ kan, kí ẹ wo bí ó ṣe ń kọjá láàárín èrò, bí ó ṣe ń ṣírò owó, àti bóyá ariwo máa ń dà á láàmú. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an: ọmọ tó máa ń to gbogbo bàtà ilé sí ìlà lálaalẹ́ ti ń sọ fún yín nípa irú iṣẹ́ tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ bi í ní wákàtí tí ara rẹ̀ máa ń yá jù, iye àkókò tó lè fi dúró lórí ẹsẹ̀, àti oògùn tó ń lò pẹ̀lú àkókò tó ń lò ó. Ẹni tó ní warápá lè ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi í sídìí ẹ̀rọ tí ń yí láìní ààbò, sẹ́nu ààrò, tàbí sórí àkàbà. Ní ti àìsàn tó ń ṣe é, òun ni yóò sọ bí a bá lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀, àti ibi tí a lè sọ ọ́ dé. Ẹ gba àṣẹ yìí lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ rin àdúgbò, kí ẹ wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Bí ẹ bá dárúkọ iṣẹ́ ní Ìkòròdú, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Odogúnyàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí, tàbí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Ìmọ̀ta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ má pa irú ibẹ̀ tì, ṣùgbọ́n ibi kékeré ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ ti lè rí oníṣòwò fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀: ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ọgbà adìyẹ ní Eríkòròdú, àwọn tó ń yan ẹja tí wọ́n sì ń dì í lápò létí ọ̀sà ní Èbúté àti Báyékù.

Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ bí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ẹ sì wá iṣẹ́ tó ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Nínú ilé búrẹ́dì, ẹ lè rí i pé ẹni tó mọ ìyẹ̀fun pò jù lọ ni wọ́n tún ń rán láti lọ fọ agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, láti nu tábìlì, àti láti fi búrẹ́dì sí ọ̀rá. Bí ẹ bá kó àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yìí jọ, ẹ ti ṣẹ̀dá ipò kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá ẹni yín mu, tó sì tú ọwọ́ apòyẹ̀fun sílẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Oníṣòwò tí kò ní àyè òṣìṣẹ́ tuntun lánàá lè rí i lónìí pé àyè wà. Nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ibi tí mo rí i pé ó ń so èso jù nìyí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń kánjú fò kọjá.

Bí a ṣe ń bá ọ̀gá iṣẹ́ sọ̀rọ̀

Ẹ má ṣe wọlé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá fi àánú ṣínà, àánú ni wọn yóò fi san owó, àánú sì tètè máa ń tán. Irú ọ̀rọ̀ tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí: “Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń wo bí ẹ ṣe ń ṣe níbí láti ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rí i pé kíkó ẹyin sí kéréètì ń gba àkókò lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n máa bọ́ adìyẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òye rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà, ó sì ti ní kí n sọ ọ́ fún yín. Èmi ni n ó wà pẹ̀lú rẹ̀ níbí títí yóò fi mọ̀ ọ́n, owó tèmi kò sì sí lọ́rùn yín.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí máa ń fọkàn wọn balẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù lọ́kàn oníṣòwò ni pé ta ni yóò máa mójú tó o.

Ẹ sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àwọn yòókù tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà bá ṣe ń gbà ni kí ẹni yín ṣe gbà, wákàtí sí wákàtí. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ láti 2024 jẹ́ ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá pé 25 àti àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí sílẹ̀, nítorí náà àdéhùn tí ẹ bá ṣe ni yóò máa dáàbò bo ẹni yín ní ọ̀pọ̀ ibi kéékèèké. Bí wọ́n bá ní kí ó kọ́kọ́ wá dán an wò, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ tí ìdánwò náà yóò parí, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Òfin iṣẹ́ sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí àdéhùn iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń san owó sí àpò tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NSITF ń bójú tó, èyí tí òfin 2010 gbé kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ òfin tó wà lẹ́yìn yín. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011 lábẹ́ Gómìnà Babatunde Fashola, òun ni ó sì bí ọ́fíìsì LASODA, tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń gba ẹjọ́ wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ẹnì kan nítorí àìlera rẹ̀ nìkan lè san ó kéré tán ₦500,000 fún ẹni náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ó kéré tán ₦250,000. Ẹ fi èyí sí àpò yín. Mi ò rí i kí ẹni tí a fi òfin halẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi inú dídùn kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́; ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìyà jẹ ẹni yín ni kí ẹ mú un jáde.

Ọ̀nà àti ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló bà jẹ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe níbi iṣẹ́. Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, ẹ bá ẹni náà rin ìrìn náà lọ àti bọ̀, ní wákàtí tí yóò máa lọ gan-an, nítorí pé gáréèjì Ìkòròdú ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ rí ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ san owó kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí ó fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ń lọ, kí ó sì mọ àmì kan tó lè dá mọ̀ kí ó tó dé ibi tí yóò ti sọ̀: ilé epo, mọ́ṣáláṣí, tàbí igi ńlá kan. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nílò awakọ̀ kan pàtó tó gbà láti máa gbé e, tí ẹ sì ti bá ṣe àdéhùn owó oṣù. Ẹ ṣírò owó yìí mọ́ ti iṣẹ́ náà kí ẹ tó gbà á, kí owó ọkọ̀ má baà jẹ owó oṣù tán. Bí obìnrin ni, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nípa àwọn ọjọ́ Orò tí obìnrin kì í jáde ní ìlú, kí wọ́n má baà ka ọjọ́ náà sí i lọ́rùn.

Kíkọ́ iṣẹ́ níbi iṣẹ́

Kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ tí ojú lè rí.

Ẹ jẹ́ kí á mú kíkó ẹyin sí kéréètì. Lójú ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, ohun kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ṣe rí. Òṣìṣẹ́ yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò sì nù ún gbẹ. Yóò mú kéréètì kan lórí èyí tí wọ́n tò jọ, yóò gbé e sórí tábìlì ní iwájú rẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ó ya. Yóò mú ẹyin kan nínú agbọ̀n, yóò yí i po lójú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá sán, inú abọ́ pupa ni yóò gbé e sí. Bí ìgbẹ́ adìyẹ bá wà lára rẹ̀, abọ́ àwọ̀ ewé ni. Bí ó bá mọ́, tí kò sì sán, yóò gbé e sínú kéréètì, pẹ̀lú ibi tó ṣóńṣó ní ìsàlẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì, yóò sì kún ìlà kan tán kí ó tó bọ́ sí èkejì, ẹyin mẹ́fà mẹ́fà ní ìlà márùn-ún, títí kò fi ní sí ihò tó ṣófo, èyí tó túmọ̀ sí pé 30 ti pé láìjẹ́ pé ó ka oókan. Kíyè sí abọ́ aláwọ̀ méjì àti ihò tí kò gbọ́dọ̀ ṣófo: ẹni tí kò mọ ìṣirò lè ṣe iṣẹ́ yìí láìṣìṣe, nítorí pé a ti mú ìṣirò kúrò nínú rẹ̀.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, èyí tó kéré jù tó lè mú un ṣe é ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ dákẹ́, kí ẹ fún un láyè láti ronú. Bí kò bá mọ ohun tó kàn, ẹ nawọ́ sí i. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú. Bí kò bá yé e síbẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lójú rẹ̀, kí ó sì ṣe tirẹ̀. Dídi ọwọ́ rẹ̀ mú ni ó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́: ẹni tí òye rẹ̀ ń lọ́ra kò lè máa gbọ́ yín kí ó sì máa wo ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà. Fún adití, ẹ dúró níbi tí yóò ti rí ojú àti ọwọ́ yín. Fún afọ́jú, ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní ibi kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé wọn kò gbọ́dọ̀ yí wọn padà láìsọ fún un.

Lálaalẹ́, ẹ fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó dá ṣe. Bí ìgbésẹ̀ kan bá wà tí àmì kò dé ibẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún un pín sí méjì, tàbí kí ẹ yí irinṣẹ́ padà. Àtúnṣe ibi iṣẹ́ kì í sábà ná owó púpọ̀: búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lè gbé tábìlì ga fún kẹ̀kẹ́ arọ, iná tí ń tàn lè rọ́pò aago fún adití, pákó kan sì lè dí gọ́tà tó wà níwájú ìloro. Ẹ má gbàgbé ilé ìyàgbẹ́. Bí kò bá lè wọ ibẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Fífà sẹ́yìn

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa wá ẹni tí yóò rọ́pò yín láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó máa ń kí i, tí wọ́n jọ ń jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi yín pé “kí ni kí n sọ fún un?”, ẹ dá a lóhùn pé “ẹ bi í fúnra rẹ̀,” kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ní òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, kì í ṣe ọmọ tí ẹ mú wá. Bí àwọn kan bá ń sá fún àwo tí ẹni tó ní warápá fi jẹun, ẹ pè wọ́n jọ, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn pé warápá kì í ràn, kí ẹ sì fi ohun tí wọn yóò ṣe hàn wọ́n bí ó bá gbé e: kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí wọ́n má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí àmì bá ti ń pọ̀, ẹ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí iṣẹ́ nìkan, lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iye ọ̀sẹ̀ tí èyí yóò gbà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá ibẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ tó ń san owó ọkọ̀ yín fi ọjọ́ dè yín. Fífà sẹ́yìn kì í ṣe kíkúrò pátápátá.

Lẹ́yìn tó ti ń gba owó

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ bá a ṣí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ tirẹ̀, tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń le láàárín mọ̀lẹ́bí, nítorí pé àwọn kan gbà pé owó ọmọ náà ti di ti ilé. Ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, kí òun fúnra rẹ̀ sọ iye tó fẹ́ fi ran ilé lọ́wọ́ àti iye tó fẹ́ fi pamọ́.

Ẹ máa bẹ ibi iṣẹ́ náà wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí nọ́ńbà yín sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ tètè lọ láìdúró de ìpè: nígbà tí wọ́n bá yí ọ̀gá padà, nígbà tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tuntun, àti nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí kí ẹ tó kí ọ̀gá, kí ẹ sì bi í pé kí ni ó ṣòro jù ní oṣù yìí, ṣé wọ́n san owó rẹ̀ pé, ṣé ó sì fẹ́ kọ́ apá mìíràn nínú iṣẹ́ náà. Bí ó bá ní òun fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn, ẹ mú ìwé ìgbésẹ̀ rẹ̀ dání, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin àdúgbò.